Àgbéyẹ̀wò Ìwọ̀n Ríìmù àti Táyà Tó Yẹ Kí Wọ́n Fi Pààrọ̀ Ti Ara Ọkọ̀ Asáré

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ojú lásán yan ríìmù àti táyà tí wọn yóò fi pààrọ̀ ti ara ọkọ̀ asáré, ìyẹn ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ dìídì ṣe fún eré sísá, fún kọ́nà gbígbà pẹ̀lú eré àti fún búrékì tó múná, nítorí pé ríìmù ńlá tí táyà pẹlẹbẹ yí ká máa ń bu iyì kún ọkọ̀ níbi tó bá dúró sí. Ìdáhùn tí ojú ń fúnni yìí kì í sábà bá ti ìṣirò mu, kì í sì í bá ti ojú ọ̀nà mu. Ohun tí àgbéyẹ̀wò yìí dúró lé lórí ni pé ríìmù tó kéré jù lọ tí búrékì ọkọ̀ náà lè wọ inú rẹ̀, tí wọ́n fi táyà tó fẹ̀ níwọ̀n tí rọ́bà rẹ̀ sì dára sí, ló ń ṣe ọkọ̀ asáré lóore jù, àti pé owó tí wọ́n bá ná lórí rọ́bà máa ń mú èrè wá ju èyí tí wọ́n ná lórí ínǹṣì lọ. Ọkọ̀ tí àwọn àpẹẹrẹ inú àgbéyẹ̀wò yìí dá lé jù ni BMW M3 ẹ̀yà E46, tí wọ́n ṣe ní Jámánì láàrin ọdún 2000 sí 2006, nítorí pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é fúnra rẹ̀ gbé e jáde pẹ̀lú oríṣiríṣi ìwọ̀n ríìmù, tí ènìyàn sì lè tipa bẹ́ẹ̀ rí ohun tó wà lọ́kàn àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ táyà ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Táyà ẹ̀yìn tó bá M3 yìí wá ní 255/40 ZR18 lára. 255 ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì nígbà tí atẹ́gùn bá wà nínú rẹ̀; 40 kì í ṣe mìlímítà rárá, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn ni, tó ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe ga tó láti etí ríìmù títí dé ibi tí rọ́bà ti ń kan ilẹ̀, èyí tó já sí mìlímítà 102; R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú táyà, bákan náà ló sì rí lára gbogbo táyà ọkọ̀ kékeré òde òní; 18 ni ìdábùú ríìmù ní ínǹṣì, ìyẹn gígùn rẹ̀ láti etí kan gba àárín kọjá dé etí kejì. Nọ́ńbà àárín yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ẹni tó ra 265/40 pẹ̀lú èrò pé fífẹ̀ nìkan lòun fi kún táyà òun ti fi kún gíga rẹ̀ pẹ̀lú láìmọ̀, torí pé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún 265 ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún 255 lọ.

Bí wọ́n bá fi 25.4 sọ ínǹṣì ríìmù di púpọ̀ kó lè di mìlímítà, tí wọ́n sì fi gíga ẹ̀gbẹ́ táyà lọ́nà méjì kún un, ìdábùú gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni wọn yóò rí. Ti ẹ̀yìn M3 yìí jẹ́ mìlímítà 661, nígbà tí 225/45 ZR18 tó wà níwájú jẹ́ nǹkan bí 660. Fún oníbàárà tó bá fi owó kún owó, BMW tún ta ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú ríìmù ínǹṣì 19, tí táyà iwájú rẹ̀ jẹ́ 225/40, tí ti ẹ̀yìn sì jẹ́ 255/35. Ìṣirò wọn tún bọ́ sí 663 àti 661. Ríìmù fi ínǹṣì kan tóbi sí i, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò tóbi, nítorí pé ara ẹ̀gbẹ́ táyà ni wọ́n ti gé ohun tí ríìmù fi kún. Orí ìdábùú yìí ni wọ́n ti ṣètò jíà, aago tó ń ka eré, àti ẹ̀rọ tó ń fi yíyí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wé ara wọn láti mọ ìgbà tí táyà kan bá ń yọ̀, kó lè fi búrékì tàbí agbára ẹ́ńjìnnì dá a dúró. Bí ìdábùú iwájú bá ti yàtọ̀ jù sí ti ẹ̀yìn, ẹ̀rọ yìí yóò máa rò pé táyà kan ń yọ̀ nígbà tí kò sí èyí tó yọ̀.

Ìyapa díẹ̀ láti orí ìdábùú ilé-iṣẹ́ kì í ba nǹkan jẹ́, bí ẹni tó yà bá ti mọ ìdí tó fi yà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní M3 yìí ló ń lo 235/40 R18 níwájú pẹ̀lú 265/35 R18 lẹ́yìn, tí ìdábùú wọn jẹ́ 645 àti 643. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti kéré sí ti ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú ìdá 2.8 nínú ọgọ́rùn-ún, èyí tó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ yóò tètè máa gbéra nínú jíà kọ̀ọ̀kan, pé ẹ́ńjìnnì yóò máa yí díẹ̀ sí i lórí eré kan náà, àti pé aago yóò máa sọ pé ọkọ̀ ń sá 100 nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 97 ló ń sá. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù fàyè gba aago tó ń ka eré ní àkàjù, ṣùgbọ́n kò gba èyí tó ń kà á ní àkàdín, ìdí sì nìyẹn tí dídín ìdábùú kù díẹ̀ fi sàn ju fífi kún un lọ. BMW pàápàá ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé M3 CSL jáde ní ọdún 2003, èyí tó fi nǹkan bí kílógíráàmù 110 fúyẹ́ ju M3 lásán lọ, táyà 235/35 R19 àti 265/30 R19 ni wọ́n fi sí i, tí ìdábùú wọn kéré ju ti M3 lásán dáadáa. Àmọ́ wọ́n tún àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀ tò láti bá a mu, ohun tí ẹni tó ń pààrọ̀ táyà lẹ́bàá ọ̀nà kò lè ṣe.

Lẹ́yìn ìdábùú ni ọ̀rọ̀ fífẹ̀ ríìmù àti ibi tí ríìmù jókòó sí, ibẹ̀ sì ni owó ti ń ṣòfò jù. Táyà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n fífẹ̀ ríìmù tó lè gbé e: 225/45 R18 wà fún ríìmù tó fẹ̀ láti ínǹṣì 7 sí 8.5, nígbà tí 265/35 R18 ń fẹ́ láti ínǹṣì 9 sí 10.5. Bí ríìmù bá tín-ín-rín jù fún táyà, ẹ̀gbẹ́ táyà yóò wú síta bí ikùn, yóò sì máa mì nínú kọ́nà kí sítíárì tó dáhùn. Táyà tó fẹ̀ tí wọ́n fún mọ́ ríìmù tóóró lè ṣiṣẹ́ burú ju táyà tí kò fẹ̀ tó o tó rí ríìmù tó bá a mu. Ibi tí ríìmù jókòó sí ni nọ́ńbà ET tí wọ́n máa ń tẹ̀ sí ara ríìmù ń sọ, ìyẹn iye mìlímítà tó wà láàrin ìlà àárín gbùngbùn fífẹ̀ ríìmù àti ojú ibi tí ríìmù ti fara kan họ́ọ̀bù, irin tí bóòtì ń dè é mọ́. Bí ET bá ṣe pọ̀ tó ni ríìmù yóò ṣe wọ inú tó, lọ́nà ibi tí ṣọ́ọ̀kì wà. Bó bá ṣe kéré tó ni yóò ṣe yọ síta tó, lọ́nà etí fẹ́ńdà.

Ríìmù M3 ínǹṣì 18 fẹ̀ ní ínǹṣì 8 pẹ̀lú ET47 níwájú, ó sì fẹ̀ ní ínǹṣì 9 pẹ̀lú ET26 lẹ́yìn. Ká ní ẹnìkan fẹ́ fi ríìmù kan náà, tó fẹ̀ ní ínǹṣì 9.5 pẹ̀lú ET35, sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìṣirò rẹ̀ rọrùn: ìdajì fífẹ̀ ríìmù tí wọ́n bá fi ET kún ni ìwọ̀n inú, ìdajì fífẹ̀ tí wọ́n bá yọ ET kúrò nínú rẹ̀ sì ni ìwọ̀n ìta. Lẹ́yìn, ríìmù tuntun yìí yóò wọ inú ju ti ilé-iṣẹ́ lọ pẹ̀lú mìlímítà 15, yóò sì fi nǹkan bí mìlímítà 3 fà sẹ́yìn lọ́wọ́ ìta. Níwájú, yóò fi mìlímítà 7 sún mọ́ ṣọ́ọ̀kì, yóò sì fi mìlímítà 31 yọ síta. Mìlímítà 31 yìí ni yóò mú kí táyà máa ha etí fẹ́ńdà nígbà tí sítíárì bá yí tán tí ọkọ̀ sì bọ́ sínú kòtò, àyàfi bí wọ́n bá tẹ etí fẹ́ńdà wọlé, tí wọ́n sì ṣètò kí orí táyà iwájú fara sínú díẹ̀. Yíyọ síta yìí kan náà máa ń mú kí sítíárì máa fà nígbà tí ọ̀nà kò bá tẹ́jú tàbí tí búrékì bá wọlé lójijì. Ẹni tó bá fi ìwé àti bírò ṣe ìṣirò yìí kó tó sanwó kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni fi í lọ́kàn balẹ̀ pé yóò wọ̀ ọ́.

Ti ihò kò gba àròyé púpọ̀. M3 yìí ní ihò bóòtì márùn-ún lórí òbìrí tó jẹ́ mìlímítà 120, ihò àárín ríìmù rẹ̀ sì jẹ́ mìlímítà 72.6, tó gbọ́dọ̀ jókòó pẹ́kípẹ́kí lórí họ́ọ̀bù. Bí ihò àárín bá fẹ̀ jù, wọ́n lè fi òrùka tó bá a mu dí àlàfo rẹ̀. Bó bá kéré jù, ríìmù náà kì í ṣe ti ọkọ̀ yẹn. Orí bóòtì tún gbọ́dọ̀ bá ojú ihò mu, nítorí pé ti BMW ṣóńṣó nígbà tí ti Honda àti Volkswagen rí róbótó, bóòtì tí orí rẹ̀ kò bá sì bá ojú ihò mu lè tú lójú ọ̀nà bó ti wù kí wọ́n dè é le tó.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń di àríyànjiyàn gan-an ni bóyá kí ríìmù tóbi sí i. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ẹ̀rí kan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀: ẹ̀gbẹ́ táyà tó kúrú kì í yẹ̀ púpọ̀, nítorí náà sítíárì máa ń tètè dáhùn, ríìmù ńlá sì máa ń fi àyè sílẹ̀ fún díìsì búrékì ńlá. Ṣùgbọ́n irin àti rọ́bà tó wà létí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí kí ọkọ̀ tó gbéra, òun náà sì ni búrékì gbọ́dọ̀ dá dúró. Bí ìwúwo yìí bá sì ṣe jìnnà sí àárín tó ni agbára tí wọ́n nílò láti yí i ń pọ̀ sí i, débi pé bí jíjìnnà náà bá di ìlọ́po méjì, agbára náà di ìlọ́po mẹ́rin. Ríìmù ńlá máa ń gbé ìwúwo jìnnà sí àárín. Yàtọ̀ sí èyí, ẹsẹ̀ ọkọ̀ wà lábẹ́ sípíríǹgì, kò sí lórí rẹ̀, nítorí náà bó bá wúwo, ṣọ́ọ̀kì kì í lè tètè dá a padà sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá fò lórí gegele, táyà tí kò sì kan ilẹ̀ kò lè gba kọ́nà, kò sì lè dúró.

Honda ni ẹlẹ́rìí tó dára jù lórí èyí. Civic Type R tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2017 wá pẹ̀lú ríìmù ínǹṣì 20 àti táyà 245/30, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ga ju mìlímítà 73.5 lọ. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń fi í sáré ní pápá ìdíje fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ríìmù yìí dànù, tí wọ́n ń fi ti ínǹṣì 18 pẹ̀lú táyà 265/35 rọ́pò rẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ táyà sì di mìlímítà 93. Nígbà tí Type R tó tẹ̀ lé e jáde ní ọdún 2022, Honda fúnra rẹ̀ ti sọ ríìmù di ínǹṣì 19, ó sì ti sọ táyà di 265/30. Ilé-iṣẹ́ náà dín ínǹṣì kù, ó fi fífẹ̀ kún un, ọkọ̀ náà sì yára sí i ní pápá. Àwọn tó ń fi ínǹṣì 20 ṣe fáàrí sí M3 àtijọ́ kò tíì gbọ́ ìròyìn yìí.

Ọ̀rọ̀ míràn ni bóyá kí táyà ẹ̀yìn fẹ̀ ju ti iwájú lọ. BMW ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì M3 ń yí, ṣùgbọ́n ìdí kejì wà tí kì í sábà hàn nínú ìpolówó: bí táyà iwájú kò bá fẹ̀ tó ti ẹ̀yìn, iwájú ni yóò kọ́kọ́ yọ̀ bí ènìyàn bá sáré jù wọ kọ́nà, imú ọkọ̀ yóò sì máa sún síta, èyí tí awakọ̀ lásán lè fi ẹsẹ̀ tó ká kúrò lórí eré tún ṣe. Bí ìdí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ yọ̀, ọkọ̀ lè yí po kí awakọ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó fi táyà tó dọ́gba sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò rí i pé ọkọ̀ túbọ̀ ń gba kọ́nà, yóò sì lè máa pààrọ̀ táyà iwájú pẹ̀lú ti ẹ̀yìn kí wọ́n lè jẹ dọ́gba; ṣùgbọ́n ó ti yọ ààbò tí ilé-iṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀ kúrò. Ní pápá ìdíje, ó tọ́. Lójú pópó, lábẹ́ òjò, pẹ̀lú ọmọ níjókòó ẹ̀yìn, kò pọn dandan. Ní ti ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí àríyànjiyàn: ìdábùú gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wà bí ilé-iṣẹ́ ṣe tò ó, nítorí pé ìyàtọ̀ tí kò hàn sójú lè máa jẹ jíà àárín run lójoojúmọ́.

Bí wọ́n bá ti yanjú ìwọ̀n tán, rọ́bà ló kù, òun ló sì tóbi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Toyota GT86 tó jáde ní ọdún 2012 ní táyà 215/45 R17, irú Michelin Primacy tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ jẹ́jẹ́, torí pé Tetsuya Tada tó darí iṣẹ́ náà fẹ́ kí awakọ̀ máa gbádùn ọkọ̀ láìjẹ́ pé ó ń sá eré àsápajúdé. Ẹni tó bá fi táyà eré tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́ sórí ríìmù kan náà yóò rí i pé ọkọ̀ náà yí padà pátápátá, láìfi mìlímítà kan kún ohunkóhun. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń tẹ nọ́ńbà kan sí ara táyà tó ń sọ bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó jẹ. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni rọ́bà rẹ̀ ṣe rọ̀ tó, tó sì ń di ilẹ̀ mú tó. Ọ̀pọ̀ ìdíje àwọn tí kì í fi eré ọkọ̀ ṣe iṣẹ́ ti fi 200 ṣe ààlà, Michelin Pilot Sport 4S tí ọ̀pọ̀ ń lò lójú pópó sì jẹ́ 300. Kò tọ́ láti fi nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ kan wé ti òmíràn tààrà, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń fún táyà ara rẹ̀ ní nọ́ńbà. Rọ́bà tó rọ̀ jù náà ní ewu tirẹ̀: táyà Cup tó bá M3 CSL wá ń yọ̀ nínú omi débi pé wọ́n ní kí àwọn tó ń rà á fọwọ́ sí ìwé pé wọ́n ti gbọ́ ìkìlọ̀ nípa rẹ̀.

Nọ́ńbà àti lẹ́tà tó kẹ́yìn ìwọ̀n táyà ni wọ́n máa ń fojú fò jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀mí wà níbẹ̀. Nọ́ńbà náà ń sọ ẹrù tí táyà lè gbé: 91 jẹ́ kílógíráàmù 615, 95 sì jẹ́ 690. Lẹ́tà náà ń sọ eré tó lè fara dà: V jẹ́ kìlómítà 240 ní wákàtí kan, W jẹ́ 270, Y jẹ́ 300. Bí ẹ̀gbẹ́ táyà bá ṣe ń kúrú sí i ni àyè atẹ́gùn inú rẹ̀ ń dín kù, atẹ́gùn yẹn ló sì ń gbé ọkọ̀. Nítorí náà, 225/40 R19 lásán kò lè gbé ju ti nọ́ńbà 89 lọ, ìyẹn kílógíráàmù 580, nígbà tí èyí tí wọ́n fi okùn kún inú rẹ̀, tí wọ́n kọ XL sí lára, ń gbé 650. Ṣùgbọ́n XL ń fẹ́ gééjì atẹ́gùn tó ga ju ti táyà lásán lọ kó tó lè gbé e. Ẹni tó bá gun orí ínǹṣì 19 tó sì fi gééjì ínǹṣì 18 sílẹ̀ bó ṣe wà ti dín agbára táyà rẹ̀ kù.

Òfin yàtọ̀ láti ilẹ̀ sí ilẹ̀. Ní Jámánì, ríìmù tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí tó bá ọkọ̀ náà mu lè mú kí ọkọ̀ pàdánù ẹ̀tọ́ láti wà lójú ọ̀nà. Ní Ìlú Ọba, ẹni tó bá pààrọ̀ ìwọ̀n ríìmù láìsọ fún ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ lè rí i pé wọn kò ní sanwó lọ́jọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Ní Nàìjíríà, ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀ ni ọlọ́pàá. Kòtò tó ní etí mímú máa ń fún ẹ̀gbẹ́ táyà mọ́ etí ríìmù, okùn inú rẹ̀ á já, ẹ̀gbẹ́ á wú kókó, bí ríìmù kò bá tilẹ̀ tẹ̀; mìlímítà 102 tó wà lára ínǹṣì 18 yàtọ̀ gidigidi sí 89 tó wà lára ínǹṣì 19 lọ́jọ́ tí irú kòtò bẹ́ẹ̀ bá fara pamọ́ sábẹ́ omi òjò. Táyà tokunbo fún ọkọ̀ asáré kò tọ́ sí ẹni tó ń sá eré: àwọn nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára àmì DOT ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, tí 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019, Michelin sì dámọ̀ràn pé kí táyà má kọjá ọdún 10 lẹ́nu iṣẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, bó ti wù kí ojú rẹ̀ mọ́ tó. Oòrùn ilẹ̀ Yorùbá kì í dúró de ọdún 10.

Ní ti M3 tó ń rìn lójú pópó, ríìmù ínǹṣì 18 ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú 225/45 àti 255/40 tuntun, tí rọ́bà wọn jẹ́ ti eré, ni ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rà, kí ẹni tó bá fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ lo 235/40 pẹ̀lú 265/35, kí ínǹṣì 19 sì wà fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ tẹ́jú. Irú èyí tí wọ́n bá yàn, kí wọ́n fi irin ìdè tó ń ka agbára de bóòtì M3 yìí ní 120 Nm, kí wọ́n sì tún un dè lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn tó nǹkan bí kìlómítà 100, nítorí pé ríìmù tuntun máa ń jókòó sí i lẹ́yìn tó bá ti gbóná tó sì tún tutù.